Màmá Olókùúta, Ẹni tí Kò Gbà Kí Wọ́n Ti Yàrá Òkúta

Yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún aago ṣe ni wọ́n bí màmá wa sí, ní àárọ̀ ọjọ́ òjò kan lọ́dún 1926. Bàbá wọn ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ìyá wọn ń ránṣọ fún àwọn ará àdúgbò. Ọmọ kẹrin ni màmá wa nínú ọmọ márùn-ún, àwọn nìkan sì ni obìnrin. Àwọn àgbà ìdílé máa ń sọ pé kí wọ́n tó mọ ìrìn í rìn ni wọ́n ti mọ ojú ọ̀nà tábìlì bàbá wọn. Bàbá náà a sì máa ké láti ìsàlẹ̀ pé, “Ìyá ọmọ, wá gbé ẹrù ẹ kúrò nídìí iṣẹ́ mi! Ó ti tún fi ọwọ́ aago sẹ́nu. Bó bá gbé wákàtí mì, kí ni kí n wí fún oníbàárà?”

Ní ọdún 1932, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mọ ìṣirò, ṣùgbọ́n alágídí ni wọ́n pẹ̀lú, a kò sì ní fi ìyẹn pamọ́ lónìí. Nígbà tí wọ́n dé ilé-ẹ̀kọ́ girama, wọ́n rí i pé tí aago ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì bá lù, àwọn ọmọkùnrin á wọ yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì, àwọn ọmọbìnrin á sì lọ kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Màmá tẹ̀ lé àwọn ọmọkùnrin wọlé. Olùkọ́ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá. Wọ́n ní, “Àyè ìjókòó ni mo ń wá, sà.” Olùkọ́ ní kò sí àyè. Wọ́n ní àwọn lè dúró. Bí wọ́n ṣe dúró títí sáà fi parí nìyẹn, nígbà tí sáà kejì sì wọlé, àga kan ti wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ ẹni tó gbé e wá. Ọdún 1945 ni wọ́n wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, níbi tí wọ́n ti kọ́ físíìsì, wọ́n sì jáde pẹ̀lú ọlá lọ́dún 1949.

Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n gba iṣẹ́ ní ilé ìwádìí tó wà lẹ́yìn ọjà àwọn onígi, ilé gbọọrọ kan tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ máa ń rùn bí òjé tí a yọ́. Kí ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀dọ́ lè mọ ohun tí wọ́n bá níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a là á díẹ̀. Nígbà náà, ẹ̀rọ tó ń ṣe ìṣirò, tí í ṣe baba-ńlá kọ̀ǹpútà tòní, tóbi tó yàrá. Fáàfù ló kún inú rẹ̀. Fáàfù jọ gílóòbù iná. Iṣẹ́ adènà ló ń ṣe: ó ń ṣílẹ̀kùn fún iná mànàmáná, ó sì ń tì í, láti inú ṣíṣí àti títì yẹn sì ni ẹ̀rọ ti ń mọ ìṣirò. Ṣùgbọ́n fáàfù ń jẹ iná bí ẹni tí kò mọ̀ pé àwọn mìíràn wà nílé, ó ń gbóná, ó sì ń jó. Ní ìparí ọdún 1947, àwọn onímọ̀ kan níbòmíràn ṣàwárí pé bí a bá fi ẹnu wáyà méjì tó tín-ín-rín tẹ òkúta kékeré kan tó ń jẹ́ jámáníọ̀mù, òkúta náà lè ṣe iṣẹ́ fáàfù láìjó, láìtàn bíi gílóòbù. Tíránsísítọ̀ ni wọ́n pè é. Lórí irú rẹ̀ ni wọ́n ní kí màmá wa ṣiṣẹ́.

Yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ àti àga fífọ́ sí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fún wọn. Igbákejì wọn ni obìnrin kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Ìbejì, ẹni tó ń pọ́n ẹnu wáyà lábẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá. Àwọn mìíràn wà pẹ̀lú wọn, gbogbo wọn kò sì tó ẹni tí í jókòó yí tábìlì oúnjẹ kan ká. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, nítorí àwọn òkúta ìgbà yẹn níwà bí ènìyàn. Kò sí méjì tó jọra. Wọ́n sọ wọ́n lórúkọ: Abínúfùfù, Oníkọ́, Má-fọwọ́-kàn-mí. Oníkọ́ kì í ṣiṣẹ́ àfi tí ẹnì kan bá wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá dákẹ́, wọ́n á fi ìka kan àpótí rẹ̀ kó, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn, yóò sì tún jí. Ìgbà tó yá, àwọn ará ilé ìwádìí kì í pe ọ̀gá yàrá náà lórúkọ mọ́. Olókùúta ni wọ́n ń pè wọ́n, orúkọ náà sì mọ́ wọn lára dọjọ́ alẹ́.

Inú yàrá tó kàn wọ́n ni ọ̀gá àwọn onífáàfù wà. Ó wọlé lọ́jọ́ kan láti yá sukudiráfà, ó rí wọn tí wọ́n tẹrí mọ́ òkúta, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣebí ẹlẹ́wọ̀n ló ń fọ́ òkúta. Ọdún mélòó ni wọ́n dá fún yín?” Màmá kò gbójú sókè. Wọ́n ní, “Ọdún yòówù kó jẹ́, sà, ó sàn fún wa ju ẹni tó ń gbé inú ààrò lọ.” Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí tó fi gbàgbé sukudiráfà. Ó padà wá gbé e lọ́jọ́ kejì, ó tún padà wá dá a padà, ó sì tún wá yá a. Ní ọdún 1951, wọ́n ṣègbéyàwó. Bàbá wa nìyẹn. Àkọ́bí dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nínú ilé wa, a gbọ́ ọ̀rọ̀ fáàfù àti òkúta kí a tó gbọ́ ìtàn ìjàpá, nítorí tọkọtaya náà kì í jẹun láìjiyàn, wọn kì í sì í jiyàn láìrẹ́rìn-ín.

Ọdún 1954 ni ọ̀rọ̀ di gidi. Yàrá òkúta ti fi àwọn tíránsísítọ̀ wọn kan ẹ̀rọ ìṣirò kan, kékeré ni, kò ju kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ lọ. Ọ̀gá Àgbà ilé ìwádìí pè wọ́n. Ó ní àpò ilé iṣẹ́ kò lè gbé yàrá méjì fún iṣẹ́ kan ṣoṣo. Bí ẹ̀rọ òkúta bá lè ṣe ìṣirò láti ìgbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn títí aago ìpadàsílé yóò fi lù, láìṣì, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀, yàrá wọn yóò dúró. Bí kò bá lè ṣe é, wọn yóò tì í, wọn yóò sì fi àyè rẹ̀ kún ti àwọn onífáàfù.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ẹ̀rọ náà ń dáhùn wàràwàrà láàárọ̀. Màmá ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣùgbọ́n bí oòrùn ṣe yí síwájú, ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Wọ́n ní kó ro méjì mọ́ mẹ́ta, ó ní àádọ́rùn-ún. Ọ̀gá Àgbà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi wò ó. Ó ní, “Ẹ̀rọ yín lawọ́ púpọ̀.” Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbejì fi ọwọ́ bo ojú. Màmá ní tiwọn dúró ṣánṣán, wọ́n ní, “Ẹ fún wa láyè lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọdún yìí tó parí, sà. Bí kò bá ṣeé ṣe, èmi fúnra mi ni n ó ti ilẹ̀kùn yàrá yẹn, n ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ wá síwájú yín.” Ọ̀gá Àgbà ní kó rí bẹ́ẹ̀.

Wọ́n padà sídìí iṣẹ́. Ní yàrá òkúta, àárọ̀ kùtù ni wọ́n máa ń yan òkúta, kí ariwo ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọwọ́ balẹ̀ tí ojú sì mọ́. Èyí tó bá dáhùn dáadáa láàárọ̀ ni wọ́n ń fi sínú ẹ̀rọ. Wọ́n wá yàn án ní àyànjù báyìí. Wọ́n yọ gbogbo èyí tí wọ́n fura sí, wọ́n fi tuntun rọ́pò. Síbẹ̀, àárọ̀ á dára, ọ̀sán á bàjẹ́. Ìyá Ìbejì ní, “Ọ̀gá wa, àwọn òkúta yìí mọ ìgbà tí oúnjẹ ọ̀sán ń délẹ̀ ni. Ebi ló ń pa wọ́n.” Kò sẹ́ni tó lágbára láti rẹ́rìn-ín.

Ó wá di ọjọ́ kan tí ara àkọ́bí gbóná. Màmá kò kúrò nílé títí ibà náà fi rọlẹ̀, ìgbà tí wọ́n máa dé ibi iṣẹ́, ọ̀sán ti pọ́n. Ìyá Ìbejì kò yan òkúta kankan. Ó ní òun kì í yàn láìsí ọ̀gá. Ni wọ́n bá jọ jókòó yàn án lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àgbákò ni. Èyí kú, èyí ń gbọ̀n, èyí ń wí tẹnu rẹ̀. Díẹ̀ ṣoṣo ló dáhùn. Ìyá Ìbejì fẹ́ kó ìyókù dà nù, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́, ó fi wọ́n sílẹ̀ lórí tábìlì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí wọ́n tún fọwọ́ kàn wọ́n, gbogbo òkúta tó kú ti jí, ara wọn yá gágá.

Màmá dìde. Wọ́n rìn lọ síbi ògiri tó wà láàárín yàrá wọn àti yàrá àwọn onífáàfù, wọ́n sì fẹ̀yìn tì í. Ògiri náà ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ láàárọ̀. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí, tí fáàfù ń jó lọ́hùn-ún tí oòrùn ń pa òrùlé níhìn-ín, ó ń gbóná sí i. Ooru ló ń da àwọn òkúta lórí rú. Wọ́n yíjú sí àwọn ènìyàn wọn, wọ́n ní, “Òkúta àárọ̀ là ń yàn láti ọjọ́ yìí wá. Ta ló wá ní iṣẹ́ wa parí láàárọ̀?”

Nígbà oúnjẹ alẹ́, wọ́n sọ ọ́ fún bàbá wa. Bàbá fi síbí sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó mọ iṣẹ́ fáàfù mọ̀ pé a kì í pa ẹ̀rọ fáàfù. Bí a bá pa á tí ó tutù, tí a tún tàn án, àìmọye fáàfù ni yóò jó lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti tan ẹ̀rọ bàbá wa, wọn kò pa á rí. Síbẹ̀ bàbá ní, “Olókùúta, n ó pa á fún ẹ lọ́jọ́ ìdánwò. Kí ògiri tutù. Èyí tó bá jó, a ó pààrọ̀ ẹ̀.”

Màmá ní, “Ẹ ṣé o, bàbá ọmọ mi. Ẹ má pa á.”

“Kí ló dé?”

“Ẹ̀rọ tí kò lè ṣiṣẹ́ àfi tí aládùúgbò rẹ̀ bá kú, ṣé ẹ̀rọ nìyẹn? Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹ yá mi ní ògiri yín. Bí ẹ bá sì lè mú kó gbóná sí i, ẹ bá mi mú un gbóná.”

Bàbá mi orí. Wọ́n ní, “Èmi tí mo fẹ́ obìnrin nítorí sukudiráfà.”

Láti ọjọ́ náà, wọ́n gbé tábìlì tí wọ́n ti ń yan òkúta lọ síbi ògiri. Wọ́n to àwọn òkúta sí ara rẹ̀ láti àárọ̀, wọn kò sì yẹ̀ wọ́n wò àfi lọ́sàn-án, nígbà tí ooru bá mú jù. Ìyà ńlá ni. Nínú òkúta tó kún àwo kan, bóyá ni wọ́n á rí èyí tó kún àtẹ́lẹwọ́. Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn jù ló kọ́kọ́ ṣubú. Nígbà tí Má-fọwọ́-kàn-mí kú sí ara ògiri, Ìyá Ìbejì sunkún gidi. Ọwọ́ rẹ̀ ló pọ́n wáyà rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ sọ pé àwọn kò ní rí èyí tó tó ẹ̀rọ kan láéláé, pé kí wọ́n da ti àárọ̀ mọ́ ti ọ̀sán, kí wọ́n máa gbàdúrà kí ọjọ́ ìdánwò tutù. Màmá ní, “Èmi náà ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n mi ò lè ní kí Ọlọ́run wá bá mi yan òkúta.” Wọ́n tún gé jámáníọ̀mù mìíràn, wọ́n tún pọ́n wáyà, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí ọdún parí nígbà tí ẹ̀rọ kún.

Ọjọ́ ìdánwò kejì gbóná bí ẹni pé wọ́n pàṣẹ fún un. Bàbá wa tan gbogbo ohun tó ṣeé tàn ní yàrá tiwọn. Àárọ̀ kọjá láìsí àṣìṣe. Ọ̀sán wọlé, Ọ̀gá Àgbà sì bọ́ kóòtù. Ìdáhùn ń jáde, akọ̀wé kan ń fi wọ́n wé èyí tí wọ́n ti ṣírò sílẹ̀, ó ń sọ pé, “Ó tọ̀nà.” Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago lù, iná kékeré tó ń ṣẹ́jú lójú ẹ̀rọ náà dúró. Kò tàn, kò kú. Ọwọ́ Ìyá Ìbejì, ọwọ́ tó ti mọ́ lára láti máa kan àpótí kó, gbéra fúnra rẹ̀. Màmá gba ọrùn ọwọ́ náà mú. Wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ kó dáhùn fúnra rẹ̀.”

Ó dáhùn.

Akọ̀wé wo ìwé rẹ̀, ó tún un wò, ó ní, “Ó tọ̀nà.” Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn títí aago fi lù. Ọ̀gá Àgbà gbé kóòtù rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ní, “Ẹ̀rọ yín ti dẹ́kun ìlawọ́. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.” Ìyá Ìbejì fò mọ́ màmá wa lọ́rùn, àwọn méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lu ẹ̀rọ náà. Bàbá wa, tí òógùn bò bí ẹni tó bọ́ sódò, ló dì wọ́n mú.

Ẹ̀rọ náà bá àwọn tó ń kọ́ afárá ṣe ìṣirò títí di ọdún 1957. Nígbà náà, òkúta irú mìíràn ti dé, èyí tí kò nílò ẹnu wáyà, tí ooru kò sì tètè mú. Màmá fúnra wọn ló pa ẹ̀rọ tí wọ́n jà fún, wọ́n sì tú u palẹ̀ láti fi àyè gba tuntun. Àwọn kan ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ fún ìrántí. Wọ́n ní, “Yàrá ni mo jà fún, kì í ṣe àpótí.” Lọ́dún 1960, ilé ìwádìí fi fáàfù sílẹ̀ pátápátá. Bàbá wa gbé àga wọn wá sí yàrá òkúta, wọ́n sì ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìyàwó wọn títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ẹnì kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ẹ̀wọ̀n tó tutù sàn ju òmìnira inú ààrò. Bàbá ti ṣáájú màmá lọ sí ilé ìsinmi lọ́dún 1994.

A kò ní parọ́ lójú òkú. Àwọn ìwé ńlá tó sọ ìtàn kọ̀ǹpútà kò dárúkọ màmá wa, ọ̀pọ̀ yàrá kéékèèké bíi tiwọn ló sì wà káàkiri ayé nígbà náà tí ẹnikẹ́ni kò rántí. Ṣùgbọ́n fóònù tí a ní kí ẹ pa kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, àìmọye tíránsísítọ̀ ló wà nínú rẹ̀, tí ojú lásán kò lè rí ọ̀kan ṣoṣo. Kí wọ́n tó lè kéré tó bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ti ní láti jókòó ti àwọn àkọ́kọ́ tó ń ṣe wèrè lọ́sàn-án, kó má sì dìde.

Màmá fẹ̀yìn tì lọ́dún 1986, ṣùgbọ́n wọn kò jókòó. Ọjọ́ Sátidé, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin àdúgbò ní títún rédíò ṣe nínú pálọ̀ wa, débi tí a kì í fi í rí àga jókòó sí. Wọ́n wà nínú ìgbìmọ̀ tó mú kí iná dé òpópónà wa. Olùfọkànsìn ni wọ́n láìṣe àṣehàn, àdúrà wọn kò gùn rárá: “Olúwa, mo ti ṣe tèmi, ó ku Tìrẹ.” Wọ́n fẹ́ràn ọmọ, wọn kì í sì í tan ọmọ jẹ. Bí ẹ bá bi wọ́n ní ìbéèrè tí wọn kò mọ̀, wọ́n á ní, “Mi ò mọ̀ ọ́n. Dìde, ká lọ wò ó.”

Wọ́n jáde láyé nínú oorun wọn ní ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sáyé lọ: obìnrin kan tó jẹ́ dókítà, ọkùnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò, àti àbígbẹ̀yìn tó jogún ṣọ́ọ̀bù aago. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tí àwọn náà bí, àbúrò wọn ọkùnrin, àwọn ìbejì Ìyá Ìbejì tí wọ́n bá a tọ́ bí ọmọ ara wọn, àti àwọn ọmọbìnrin onírédíò tí wọ́n ti di ìyá àgbà.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ẹ ó rí àwọn àga tó ṣófo lápá ọ̀tún. Ti àwọn òṣìṣẹ́ yàrá òkúta ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí wọn. Yàrá náà ṣì wà, iṣẹ́ sì ń lọ nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tì í lónìí láti bu ọlá fún màmá wa, a jẹ́ iṣẹ́ tí màmá ti rán wa fún wọn: “Ẹ má tì í nítorí mi o.” Nítorí náà, ìdajì wọn wà pẹ̀lú wa níhìn-ín, ìdajì sì wà nídìí iṣẹ́. Bí a bá ti ń gbé màmá sílẹ̀, àwọn tó wà níbí yóò padà lọ gba ipò àwọn tó wà lọ́hùn-ún, kí àwọn náà lè wá dágbére.

Olókùúta, ìyá wa, ẹ ti dúró tó. Ẹ jókòó wàyí. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Oorun ire o, Màmá, oorun ire.